Ṣọ́ọ̀bù Òdòdó Wúrà ní Fádèyí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Òkúdu, 2025

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sínú kíláàsì náà ní Akoka lónìí bí ẹni tó ṣìlé wọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, àwọn yòókù sì kéré débi pé ó lè jẹ́ èmi ni mo kọ́ wọn ní ABD. Ọ̀kan nínú wọn dìde fún mi lórí àga, ó ní kí n jókòó kí n máa dúró de ọmọ mi. Mo ní èmi gan-an ni mo wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n má bínú.

Fadékẹ́ lorúkọ olùkọ́ wa. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ń pè mí ní Mọ́mì, èmi ń pè é ní Àǹtí, torí ẹni tó bá dúró níwájú pátákó ni tíṣà. Èmi náà ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìntì, mo mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ó rántí Wúrà dáadáa. Ó ní ìdánwò ìkẹyìn nìkan ló kù tí ọmọ mi ì bá fi gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ òdòdó kí àìsàn yẹn tó dé. Mo ní mo mọ̀. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, mo yáa ṣí ìwé mi, mo ń kọ déètì sí i.

Ìparí oṣù Agẹmọ ni ìdánwò. Òdòdó ìyàwó kan, òdòdó sàréè kan, lójú àwọn olùdánwò tó ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó. Bí mo bá yege, ṣọ́ọ̀bù Wúrà ní Fádèyí á bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bí mi ò bá yege, Alhaji Kàsúmù á fi fún ọkùnrin kan tó fẹ́ máa ta fóònù níbẹ̀. Ilé ẹbí wọn ni, òun sì ni àgbà wọn. Kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Ó ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń ṣe ìyàwó kì í gbéṣẹ́ fún olódòdó tí kò ní ìwé ẹ̀rí, ṣọ́ọ̀bù kò sì ṣeé tì pa títí láé. "Ẹ gbàwé ẹ̀rí yẹn wá, Ìyá, ṣọ́ọ̀bù di tiyín." Saheed, àbúrò rẹ̀, ọkọ Wúrà, jókòó tì í, ilẹ̀ ló ń wò.

Òjò pa mí wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Wáyà ti gún mi níka. Fóòmù tí wọ́n ń gún òdòdó sí, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e lé orí omi, kó máa rì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá tì í wọ omi, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, òdòdó á sì gbẹ lórí rẹ̀. Mo tì í. Ìwàǹwára tèmi ò lóògùn.

Ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ṣubú níjọ́sí ń ro mí. Àwọn tó tọ́jú mi ní Igbóbì ní kí n máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà lójoojúmọ́. Mo ń fún un. Kò sí nǹkan tó ń jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà. Iléyá

Saheed gbé ẹran wá fún wa. Ní ọdún tó kọjá, òun àti Wúrà ni wọ́n jọ gbé e wá, Wúrà sì ń bá mi jà pé mo dín in jù. Lónìí mo dín in bí mo ṣe fẹ́, mi ò lè jẹ ẹ́.

Ó jókòó pẹ́. Òun àti Bàbá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n sọ̀rọ̀ iná. Lẹ́yìn náà ni Saheed ní, "Nígbà tá a kírun yídì tán láàárọ̀ yìí, mo yà sí—" Bàbá húkọ́. Saheed dákẹ́. Ó ní òun yà sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan. Gbogbo wa mọ ibi tó yà sí.

Tí mo bá kọ "Bàbá" síbí yìí, ọkọ mi Àyúbà ni. Bàbá Wúrà ni mo ń pè é láti ọjọ́ tá a bí ọmọ náà, òun náà ń pè mí ní Ìyá Wúrà. A ò bí òmíràn. Láti oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, kò sí èyí tó pe èkejì bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ nǹkan, á ní "ẹ gbọ́ ná," bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀kọ́ òní: bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó tútù mọ́jú. Mo dà á kọ bí Àǹtí Fadékẹ́ ṣe sọ ọ́. Gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀. Já ewé tó bá máa wọ omi dànù. Gbé e síbi tó tutù, tó ṣókùnkùn. Má ṣe gbé e sí yàrá kan náà pẹ̀lú èso tó ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ kan wà tí èso máa ń mí síta tí imú wa ò lè gbọ́, òdòdó tó bá fà á símú á sùn, kò sì ní jí mọ́. Ó ní òdòdó tí wọ́n ń pè ní kanéṣọ̀n ló gọ̀ jù nínú gbogbo wọn, oorun kì í pẹ́ gbé e. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Róòsì tún ti gbówó lórí. Òdòdó oníke ni mo fi ṣe ìdánrawò. Inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́. Wọ́n yí mi ká lẹ́yìn ìsìn. Ìkan ní ṣé lọ́jọ́ ogbó yìí ni mo wá fẹ́ máa so òdòdó, kí ló dé tí mi ò kúkú máa dín ṣínṣín. Òmíràn ní ọgbọ́n ni mo dá, pé kí n lè máa rí nǹkan fọkàn sí. Èyí tó sọ̀rọ̀ ṣínṣín yẹn kò dùn mí. Èyí tó káàánú mi ló mú kí n tètè kúrò níbẹ̀.

Wọn ò mọ̀ pé kò sí nǹkan tí mo fọkàn sí. Mo ń jí, mo ń lọ sí Akoka, mo ń gé ìdí òdòdó. Bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò mọ ibi tí mo lè jókòó sí tí màá fi ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo wà. Ibòmíràn tó wà, wọn ò gbọdọ̀ fi hàn mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Agẹmọ

Òdòdó sàréè ló kàn lónìí. Òrùka wáyà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àǹtí Fadékẹ́ gbé kọ̀ọ̀kan ka iwájú wa, ó ní ká fojú inú wò ó pé ẹnì kan tá a fẹ́ràn ni. Mo mú báàgì mi, mo jáde. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Akoka dé Bàrígà nínú oòrùn. Àwọn oní-kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí mi, mi ò wo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Wúrà kú gan-an ni wọ́n sin ín, láti ilé Alhaji ní Ṣómólú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Suliat ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì sin Suliat tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mi ò bá wọn jà. Èmi àti bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀ níbí, àwọn èèyàn dì wá mú, torí wọn kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé òkú ọmọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ sàréè rẹ̀. Èmi náà ti di ìyá kan mú rí ní àdúgbò yìí, nígbà tó fẹ́ sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Mo dì í mú gírígírí. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe é.

Aṣọ funfun, àdúrà, erùpẹ̀. Ẹ̀sìn wọn kì í gbé òdòdó sórí sàréè. Ọmọ tó so òdòdó fún ìyàwó àti òkú gbogbo Èkó, ewé kan kò sí lórí òun. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá igi wà nítòsí rẹ̀ tó lè ṣíji bò ó ni. Ta ni mo fẹ́ bi?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Àǹtí Fadékẹ́ ní kí n dúró lẹ́yìn kíláàsì. Kò bá mi wí. Ó ní òdòdó ìyàwó tí mo ń ṣe ti dáa, ó tilẹ̀ dáa ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ. "Ṣùgbọ́n bẹ́ ò bá ṣe ti sàréè, Mọ́mì, òfo ni. Mi ò lè bá yín bẹ̀bẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Mo jókòó ti òrùka wáyà náà títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mi ò fi nǹkan kan sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Fádèyí. Saheed ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kó má baà tẹ̀ lé mi wọlé. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà bí Wúrà ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn garawa rẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, omi ti gbẹ nínú wọn, ìlà àwọ̀ ewé wà yíká inú wọn níbi tí omi dé nígbà yẹn. Épírọ́ọ̀nù rẹ̀ kọ́ sára ìṣó. Sísọ́ọ̀sì wà nínú àpò rẹ̀, àti tọ́mù-tọ́mù méjì tí ooru ti yọ́.

Mo sunkún débi pé ẹni tó ń tún bàtà ṣe níta kanlẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní kò sí. Lẹ́yìn náà mo gbálẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Òjò àrọ̀ọ̀dá. Omi wọ pálọ̀, a gbé àga lé orí àga. Mo fi bàtà rọ́bà lọ sí Akoka, torí ìdánwò ìdánrawò ni lónìí. Mo ṣe òdòdó sàréè. Mo fipá ṣe é. Ó dà bí táyà kẹ̀kẹ́ tí ewúrẹ́ ti jẹ lára rẹ̀. Àǹtí Fadékẹ́ ní "a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ohun tí èmi náà máa ń sọ fún ọmọ tó bá gba òdo nìyẹn.

Ọkàn mi ti bàjẹ́ kọjá àlà. Mo ń kọ èyí kí n lè rí ohun tí mo ń fọwọ́ ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni. Mo lọ gba kanéṣọ̀n mi lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Jọ́ọ̀sì, funfun àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́, etí wọn wínníwínní. Wọ́n rẹwà. Láti ọjọ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa wo nǹkan kan tí màá ní ó rẹwà. Róòsì fún òdòdó ìyàwó ń dúró dè mí nílé ẹ̀kọ́, kanéṣọ̀n òdòdó sàréè ni olúkúlùkù máa gbé wá.

Mo délé, mo bá Ẹ̀gbọ́n Sabina. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá, ó ní òun ò lè gbọ́ pé Ìyàwó òun fẹ́ ṣèdánwò kí òun jókòó sílé. Ó gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan dání láti oko rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sábẹ́ tábìlì kíṣìnì, ó da àpò bò ó kó lè tètè pọ́n.

Mo gé ìdí kanéṣọ̀n ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀. Kò síbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn nínú ilé yìí bíi kíṣìnì, ibẹ̀ ni mo gbé garawa sí, mo ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe. Bóyá ó máa ṣeé ṣe.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀n ọjọ́, àárọ̀

Wọ́n ti sùn. Gbogbo wọn. Etí wọn ká wọnú, ọrùn wọn tẹ̀. Mo dúró síwájú garawa, mi ò kọ́kọ́ lóye rẹ̀, mo rò pé omi ni. Ẹ̀gbọ́n Sabina wọlé, ó ṣí àpò, ó ní, "Wò ó, Ìyàwó, ó ti ń pọ́n. Jẹ́ ká dín díẹ̀ kó o tó lọ."

Àǹtí ní èso. Máńgòrò ni èso, ọsàn ni èso, ápùù tí wọ́n tò sórí àtẹ ní Fádèyí ni èso. Ta ló ń pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní èso? Oúnjẹ ni. Mo fìlà sí i lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fọwọ́ ara mi gbé òdòdó mi sún mọ́ ọn.

Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Arúgbó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí mi. Mo jẹ dòdò. Mẹ́ta péré nínú kanéṣọ̀n, àwọn tí kò tíì là, ló ṣì dúró. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé níbi tí pèrègún wà, èyí tí Bàbá gbìn sí ààlà nígbà tá a ra ilẹ̀ yìí, mo gé e títí ọwọ́ mi fi kún.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn mi.

Àǹtí Fadékẹ́ pàdé mi lẹ́nu géètì, ó wo inú garawa. Ó bi mí ohun tó wà ní kíṣìnì mi. Mo sọ fún un. Ó pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ó wo pèrègún apá mi, ó ní, "Òfin ò ní kí ẹ má fi ewé bò ó. Ẹ fi ewé ṣe é, Mọ́mì. Ẹ ṣe ìyókù bí wọ́n bá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é gẹ́lẹ́. Ẹ ṣì lè yege."

Òdòdó ìyàwó lọ ní ìrọ̀rùn. Ọwọ́ mi dùn mí, mi ò kà á sí.

Ìyáàfin Ọdẹ́túnjí ni olórí àwọn olùdánwò, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó kọ iṣẹ́ òdòdó sàréè sójú pátákó: àwọn ọmọ kan ló ń ṣe é fún bàbá wọn, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá Wa Ọ̀wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ́ ewé pèrègún po ní ìlọ́po méjì, mo ń tò ó léra bí wọ́n ṣe ń to páànù òrùlé, ọ̀kan ń bo ìdí èkejì, títí òrùka wáyà fi pòórá. Mo fi kanéṣọ̀n mẹ́ta náà sí apá kan, mo jẹ́ kí ìyókù jẹ́ ewé nìkan. Àwọn tó wà nítòsí mi dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó dára. Mo ti fún iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ iṣẹ́ tó yege.

Ríbọ́ọ̀nù ló kù. Mo mú kálámù aláwọ̀ wúrà. Mo wo pátákó, mo kà á dáadáa. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́, mo sì mọ ohun tí mo máa pàdánù bí mi ò bá kọ ọ́.

Mo kọ Wúràolúwa.

Ìyáàfin Ọdẹ́túnjí dé tábìlì mi, ó ka ríbọ́ọ̀nù. Ó bi mí bóyá mo ka iṣẹ́ náà. Mo ní mo kà á. Ó ní, "Ẹ ṣì ní àyè láti pààrọ̀ rẹ̀, Mọ́mì. Ríbọ́ọ̀nù wà níbẹ̀." Mo ní mo dúpẹ́. Mi ò pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Kí ló ṣe mí? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ọmọ kékeré á kọ ọ́. Mo ti fọwọ́ ara mi ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi pa.

Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Mo gbé e wọlé lánàá nínú ọ̀rá, Bàbá ò sí nílé. Lónìí ó rí i lórí tábìlì pálọ̀. Ó ka ríbọ́ọ̀nù. Ó ní ta ló gbé òdòdó òkú wọ ilé òun, ta ló kọ orúkọ ọmọ òun sára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Sabina ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. "Ìyá Wúrà, gbé e kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́, gbé e kúrò níwájú mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù Ọ̀wàrà tó pè mí bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé e lọ sí Fádèyí. Mo gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ògún

Mi ò yege. Àǹtí Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ ló pè mí, kò jẹ́ kí n rí i lára pátákó. Òdòdó ìyàwó yege. Ewé pèrègún náà yege, Ìyáàfin Ọdẹ́túnjí tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù ló pa mí. Òfin wọn ni pé olódòdó tí kò bá kọ ohun tí oníbàárà ní kó kọ, kò gbọdọ̀ gbàwé ẹ̀rí. Òfin tó dáa ni. Èmi náà ì bá fa ìlà pupa sí i.

Ó ní mo lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí i. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí nǹkan mìíràn láti kọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

A kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó fẹ́ ta fóònù ti wá pẹ̀lú káfíńtà, ó ń wọn ògiri. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń kí mi, mi ò lè dáhùn. Alhaji Kàsúmù wá fúnra rẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní kò ṣẹ̀ mí, òótọ́ sì ni. Ó ti sọ ohun tó fẹ́, mo sì ti gbọ́.

Saheed ló ń kó garawa jáde. Ó dé ìdí ìṣó, ó dúró. Kanéṣọ̀n ti rẹ̀, wọ́n ti di pípọ́n bí omi tíì, ṣùgbọ́n pèrègún ṣì tutù. Ó ka ríbọ́ọ̀nù náà. Ó ní, "Ẹ ò kọ Suliat, Ìyá." Mo ní orúkọ tí mo sọ ọ́ ni mo kọ. Ó mi orí. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi épírọ́ọ̀nù wé e, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Mi ò bi í níbi tó ń gbé e lọ. Mi ò gbọdọ̀ bi í.

Garawa mẹ́rin ló wà ní ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà tí mo ti gé pèrègún rẹ̀ láṣejù. Bàbá ti rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò rọ̀ títí di àárọ̀. Saheed wá lọ́sàn-án. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. Bàbá ń gbọ́ rédíò lórí àga rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní fẹ́ kí n gbé òdòdó yẹn sórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi orí ni mo gbé e sí láàárọ̀ yìí, nílẹ̀." Ó dákẹ́, ó ń retí ikọ́. Bàbá nawọ́, ó pa rédíò. Kò húkọ́.

Mo ní, "Ṣé igi wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Ìyá. Dóńgóyárò kan ni. Tó bá di ọ̀sán, òjìji rẹ̀ máa ń dé orí rẹ̀."

Bàbá ní, "Ìyá Wúrà, fún ọmọ yìí lóúnjẹ." Mo bu ìrẹsì, mo kó dòdò tì í, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Sabina ò tíì tán. Saheed jẹun. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe lọ́la, tàbí lọ́tùúnla. Ọkàn mi kò fúyẹ́. Mo ti mọ̀ pé igi wà níbẹ̀ ni.

Bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, erùpẹ̀ pupa tútù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́. Mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi fọ̀ ọ́.